Pádì Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta

"Di orí ẹ̀ mú fún mi níbẹ̀ yẹn," Hamzah wí, ó sì na tépù ìwọ̀n sí àbúrò rẹ̀. "Mo fẹ́ mọ bí ògiri yìí ṣe gùn tó."

Habeebah kò gbà á. Ó jókòó sórí tìmùtìmù níwájú tẹlifíṣàn mẹ́rin tí kò sí èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni ń wo olè tó wọlé lọ́sàn-án gangan. Nígbà tí Hamzah rí i pé kò ní dìde, ó fi bàtà tẹ orí tépù náà mọ́lẹ̀, ó sì fà á lọ sí ìdí fèrèsé fúnra rẹ̀.

"Bọ̀dá, oṣù mẹ́ta ò tíì pé," Habeebah sọ.

"Kí ló kù níbẹ̀? Ọjọ́ mẹ́rin." Hamzah kọ ohun tó wọ̀n sínú fóònù rẹ̀. "Ta ló wá lónìí? Ta ló wá lánàá? Mo sọ fún ẹ kí o tó bẹ̀rẹ̀. Géèmù kì í ṣe nǹkan obìnrin. Ọwọ́ yín ò gbà á. Mi ò bú yín o, bí Ọlọ́run ṣe dá yín ni."

"Ọlọ́run ò bá yín sọ ìyẹn."

"Ó dáa. Àwọn obìnrin ẹ dà?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ló ń dun Habeebah jù. Yàrá òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n wà ní Táíwò Road, bàbá wọn ló sì ni ín. Nígbà tí bàbá kú, ìyá wọn, Hajíà Talatu, ní kí ẹnikẹ́ni má tà á, ọmọ tó bá rí nǹkan gidi fi ṣe nínú rẹ̀ ni kó máa lò ó. Hamzah fẹ́ fi í ṣe ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta báàgì fóònù àti ṣájà. Habeebah ní òun fẹ́ fi í ṣe ilé géèmù fún obìnrin nìkan. Hajíà wò ó títí bí ẹni pé ó ń ṣàárẹ̀, ó wá ní kó gbìyànjú ẹ̀ wò fún oṣù mẹ́ta. Bí àwọn obìnrin bá ń wá, yàrá di tirẹ̀. Bí wọn kò bá wá, kó kó kọ́kọ́rọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìjà láìta.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ eré ọmọdé lásán ni. Nígbà tí Habeebah wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, géèmù kan wà nínú pálọ̀ ilé wọn ní àdúgbò Gàmbàrí, tí bàbá rà fún Hamzah. Gbogbo ọmọkùnrin àdúgbò ló máa ń rọ́ wá gbá a. Iṣẹ́ Habeebah ni láti dúró sẹ́yìn tẹlifíṣàn kó máa di wáyà kan mú, kí àwòrán má baà máa gbọ̀n. Wákàtí méjì gbáko nígbà mìíràn. Ó ń gbọ́ ariwo ọkọ̀, ó ń gbọ́ ẹ̀rín wọn, kò sì rí nǹkan kan àfi eruku. Bó bá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà gbá a lẹ́ẹ̀kan péré, Hamzah á ní obìnrin kì í fọwọ́ kàn án.

Ó dàgbà, ó di olùkọ́, ó sì rí i pé òun nìkan kọ́. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀kan ní òun ló máa ń bu omi tútù fún wọn. Òmíràn ní ṣe ni wọ́n máa ń ti òun mọ́ta. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kì í ṣe géèmù ayé òde òní ni Habeebah wá. Àwọn ti àtijọ́ ló fẹ́, àwọn tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn nígbà náà gan-an. Ó fi iṣẹ́ olùkọ́ ọdún mẹ́tàlá sílẹ̀. Ó ta kọ́tìnnì sẹ́nu ọ̀nà kí àwọn tó bá fẹ́ ṣí híjáàbù lè ṣí i láìsí ìyọnu. Hamzah, tó ní ilé géèmù tirẹ̀ ní Ọ̀fà Garage níbi tí àwọn ọkùnrin ń lọ, ló bá a wá géèmù àtijọ́ mẹ́rin àti pádì mẹ́jọ tí wọ́n fi ń darí wọn. Lọ́jọ́ yẹn, Habeebah kúnlẹ̀ kí i, ó sì ṣàdúà fún un.

Pádì wọ̀nyẹn funfun báláú. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló na jáde nísàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bọ́tìnì tó ní apá mẹ́rin wà lórí ẹsẹ̀ òsì, bọ́tìnì mẹ́fà aláwọ̀ oríṣiríṣi wà lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún, igi kékeré tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀ sì dúró láàárín gbùngbùn. Bọ́tìnì kan tún kù tó fara pamọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ àárín. Kò sí ìwé kankan tó bá wọn wá. Obìnrin méjìlélógún ló wá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọkọ̀ wọn ń já sínú odò, ó ń kọlu ògiri, ó ń yí po bí ẹran tí wọ́n so. Lọ́sẹ̀ kẹta, ẹ̀rín ti tán. Àtàǹpàkò ń bó. Oníkálùkù ń sọ pé ọwọ́ òun ni kò dá ṣáṣá, Habeebah náà ń dá wọn lóhùn pé kí wọ́n túbọ̀ tẹpá mọ́ ọn.

"Ọjọ́rú ni káfíńtà ń bọ̀," Hamzah sọ, ó ká tépù rẹ̀. "Kó àwọn nǹkan yẹn sínú páálí. Nu pádì yẹn dáadáa, mo lè rí ẹni tó máa rà wọ́n."

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ. Habeebah gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ pẹ̀lú ẹnì kan nísàlẹ̀, ó sì fẹ́ ju nǹkan lé e láti ojú fèrèsé. Ó dìde, ó mú òwú àti sípíríìtì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu pádì. Kí ló tún kù tó lè ṣe?

Lára pádì kẹta ló ti rí àbàwọ́n kan. Àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tí sípíríìtì kò lè pa rẹ́. Làálì ni. Kò ní láti rò ó jìnnà kó tó mọ ọwọ́ tó ni ín.

Fawziyyah ni. Ó ní ṣọ́ọ̀bù níbi tó súnmọ́ Post Office, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ya làálì sọ́wọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn ìyàwó tuntun. Ìlà tó máa ń fà tín-ín-rín bí irun orí ọmọ àṣẹ̀ṣẹ̀bí. Àwọn kan ń ti Ọ̀yọ́ wá na ọwọ́ sí i. Ìka rẹ̀ kì í mọ́ tán láé. Òun ló fẹ́ràn yàrá náà jù, òun ló sì mú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn obìnrin náà wá. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó já sínú odò lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án tẹ̀léra. Habeebah ń gbààwẹ̀ lọ́jọ́ náà, ara rẹ̀ gbóná, Hamzah sì ti pè é láàárọ̀ láti bi í pé èèyàn mélòó ló wá. Ó sọ ọ́ kí ó tó mọ̀ pé òun ń sọ ọ́.

"Fawziyyah, ọwọ́ ẹ le bí igi. Kí ló ń ṣe ọwọ́ ẹ gan-an?"

Obìnrin méje ló wà níbẹ̀. Fawziyyah rọra gbé pádì sílẹ̀, ó wọ híjáàbù rẹ̀, ó lọ. Ẹyin lohùn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ ojoojúmọ́ là ń jẹ́ kó bọ́. Sátidé tó tẹ̀ lé e, mẹ́ta ló wá. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, kò sẹ́nì kankan.

Habeebah jókòó, ó di pádì náà mú gẹ́gẹ́ bí àbàwọ́n ṣe wà. Àmì ìka Fawziyyah wà lára ẹsẹ̀ òsì, ó sì wà lára ẹsẹ̀ ọ̀tún, bí èèyàn ọlọ́wọ́ méjì ṣe máa gbé ohunkóhun dání. Láti orí ẹsẹ̀ òsì, ìlà pupa kan fà lọ sí àárín, ó fà á, ó fà á, ó sì dáwọ́ dúró kí ó tó dé ìdí igi. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí láti apá ọ̀tún. Habeebah na àtàǹpàkò tirẹ̀. Kò dé e. Ó na án títí iṣan ọwọ́ rẹ̀ fi dùn ún. Ó wá gbé ọwọ́ òsì kúrò, ó fi mú ẹsẹ̀ àárín. Igi bọ́ sí abẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀ wẹ́rẹ́, bọ́tìnì abẹ́ sì bọ́ sí abẹ́ ìka ìfábẹ̀lá. Ṣùgbọ́n bọ́tìnì apá mẹ́rin ẹsẹ̀ òsì ti jìnnà sí i, bẹ́ẹ̀ eré ọkọ̀ náà ń fẹ́ méjèèjì. Ẹni tó ṣe é fẹ́ kí èèyàn ní ọwọ́ mẹ́ta.

Ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Òun náà ti bó. Láti oṣù méjì ló ti ń fi òrí pa á, kò sì sọ fún ẹnì kan.

Kò nu èyí tó kù mọ́. Ó ju pádì náà sínú báàgì, ó wọ kẹ̀kẹ́, ó ní Ọ̀fà Garage ni òun ń lọ. Ó fẹ́ rí bí àwọn ọkùnrin ṣe ń dì í mú.

Ẹni tó ń bá Hamzah bójú tó ilé géèmù náà ni Abdulganiyu, bàbá kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ti wakọ̀ pẹ́ ní gáréèjì náà kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ń bu ṣúgà sínú tíì nígbà tí Habeebah wọlé.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́."

"Habeebah, o káàbọ̀. Ṣé àlàáfíà lo dé? Hajíà ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni wọ́n wà, alihamudulilai." Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò sí lára bàbá mọ́. Géèmù kan náà ni, ọkọ̀ kan náà, odò kan náà. Ọkùnrin sísanra kan fi búrẹ́dì sẹ́nu, ó ń wa ọkọ̀ tirẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ odò náà lọ bí ẹni ń lọ ra epo. Pádì ọwọ́ rẹ̀ dúdú. Ẹsẹ̀ méjì ló ní, igi rẹ̀ sì wà lábẹ́ àtàǹpàkò òsì, níbi tó yẹ kó wà.

"Bàbá, pádì yín ò jọ tèmi."

"Èwo ni tìẹ? Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn?" Abdulganiyu bú sẹ́rìn-ín. "A ti lò ó níbí. A ò lò ó ju ọjọ́ méjì lọ. Àwọn èèyàn yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ lù mí. Ọ̀kan ní kí n wá fi ọwọ́ kẹta han òun lára mi. Ẹlòmíì là á mọ́ ògiri. Ni Alhaji, ẹ̀gbọ́n ẹ, bá lọ wá àwọn oní-Ṣáínà yìí wá. Ayédèrú ni, àmọ́ ó bá ọwọ́ mu."

"Ìgbà wo nìyẹn?"

"Kí o tó ṣí tìẹ ni. Bí ọ̀sẹ̀ méjì sí i."

Habeebah gbọ́ ọ, ó sì dà bíi pé wọ́n da omi gbígbóná sí i lẹ́yìn. "Kí ni Bọ̀dá sọ nípa àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta?"

Ìgbà yẹn ló yé bàbá pé ẹnu òun ti ṣí jù. Ó wo inú ife tíì rẹ̀. "Habeebah, wọ́n kàn rán mi níṣẹ́ ni."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Mi ò bá yín jà. Ẹ sọ ọ́ fún mi."

"Alhaji ní kí n kó wọn sínú páálí, pé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ni wọ́n ń lọ. Mo ní àwọn obìnrin náà máa pariwo. Wọ́n ní rárá." Ó fi ṣíbí po tíì rẹ̀. "Wọ́n ní obìnrin kì í sọ pé pádì ò dáa. Pé ọwọ́ ara ẹ̀ ló máa dá lẹ́bi."

Kò sí èébú tí Hamzah ti bú u rí tó wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé òótọ́ ni. Obìnrin méjìlélógún, nọ́ọ̀sì wà nínú wọn, aránṣọ wà nínú wọn, kò sí ọ̀kan tó la nǹkan yẹn mọ́ ògiri. Àwọn ọkùnrin lò ó fún ọjọ́ méjì, wọ́n ní pádì ló burú. Àwọn obìnrin lò ó fún oṣù méjì, wọ́n ní àwọn ló burú. Habeebah ní kí bàbá yá òun ní pádì ẹlẹ́sẹ̀ méjì kan, kò sì dúró gba tíì tí bàbá ń fi lọ̀ ọ́.

Nígbà tó dé Gàmbàrí, Hajíà Talatu ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àìlà tán ni, ó ṣì wà lórí ẹní pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Hamzah jókòó lórí àga níwájú rẹ̀, ó ń ṣàlàyé ibi tí pẹpẹ máa wà nínú ṣọ́ọ̀bù tuntun. Habeebah kí ìyá rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Ó wá gbé pádì méjèèjì kalẹ̀ sórí ẹní.

"Bọ̀dá, ẹ gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì mú un, kí ẹ wá fi àtàǹpàkò kan igi àárín."

"Irú ìsọkúsọ wo nìyí? Hajíà ń sinmi."

"Gbé e, Hamzah," Hajíà sọ. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè.

Hamzah gbé e. Ọwọ́ rẹ̀ tóbi, síbẹ̀ àtàǹpàkò rẹ̀ dúró sí ibi tí ti Fawziyyah dúró sí. Ó yí i, ó tún un yí, ó fi í lé itan. Hajíà na ọwọ́, ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó dì í mú fúnra rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ àjèjì lé lọ́wọ́. Ó gbìyànjú òkè, ó gbìyànjú ìsàlẹ̀.

"Ọwọ́ ta ni wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó ṣe èyí?" ó béèrè.

"Ẹ bi Bọ̀dá, Hajíà. Ẹ bi wọ́n bóyá wọn ò lò ó ní Ọ̀fà Garage. Ẹ bi wọ́n ohun tí àwọn ọkùnrin ṣe sí i, àti ẹni tí wọ́n wá kó o fún." Habeebah yíjú sí Hamzah. "Ẹ̀yin lẹ kó ìdọ̀tí tí wọ́n kọ̀ lọ́dọ̀ yín wá fún mi, Bọ̀dá. Ẹ jẹ́ kí n kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ tún ń wọn ògiri lójú mi, ẹ ní bí Ọlọ́run ṣe dá wa nìyẹn."

Hamzah nu ojú. "Kí lo fẹ́ kí n ṣe sí wọn, kí n dà wọ́n sígbó? Àbí mo fi ìbọn sí ẹnikẹ́ni lórí? Oṣù méjì, ìwọ àti gbogbo wọn, ta ló pè mí pé pádì ò dáa? Ká ní ẹnì kan sọ ọ́, ǹ bá ti pààrọ̀ ẹ̀."

"Irọ́ lẹ pa."

"Habeebah," ìyá wọn sọ.

Hajíà ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ títí ó fi kà á dé ibi tó fẹ́ kà á dé. Ó wá gbé pádì sílẹ̀.

"Hamzah, ohun tó o ṣe ò dáa. Mi ò ní fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí n máa pa làpálàpá. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ méjì mẹ́jọ, kí wọ́n dé Táíwò Road lọ́la kí oòrùn tó mú. Sọ fún káfíńtà ẹ kó jókòó sílé ẹ̀. Habeebah, mo tún fún ẹ ní oṣù mẹ́ta."

Habeebah fẹ́ dúpẹ́, ṣùgbọ́n Hajíà gbé ìka sókè.

"Mi ò tíì parí. Ọ̀rọ̀ yìí ò gbọdọ̀ jáde kúrò nínú ilé yìí. Jímọ̀ọ̀ tó ń bọ̀ ni àwọn mọ́sálásí fẹ́ fi ẹ̀gbọ́n ẹ ṣe akápò. A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Sọ fún àwọn obìnrin yẹn pé pádì tuntun dé. Ìyẹn ti tó. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ èyí tó ṣẹ́kù lẹ́nu ará ìta, ọjọ́ yẹn ni màá gba kọ́kọ́rọ́."

"Hajíà, wọ́n á rò pé ọwọ́ àwọn ló le lóòótọ́, pé mo kàn lọ wá èyí tó rọrùn fún wọn ni."

"Kí wọ́n máa rò ó. Ta ni ìrònú ti pa?"

Habeebah kó pádì méjèèjì sínú báàgì. Ó kí wọn, ó jáde.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé e lọ sí Post Office, ó ń fi ọ̀rọ̀ náà dánra wò. Pádì tuntun dé. Kò nira rárá. Pádì tuntun dé, ẹ máa bọ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń wí i lábẹ́ ahọ́n tó ni inú túbọ̀ ń bí i. Inú Hamzah ń bí i, ti ìyá rẹ̀ ń bí i, ti ẹni tó jókòó sí ìlú tó jìnnà tó ya nǹkan ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sórí ìwé láìwo ọwọ́ ara rẹ̀ tún ń bí i. Èyí tó sì burú jù ni pé inú ara rẹ̀ ń bí i ju ti gbogbo wọn lọ. Hamzah kò sí níbẹ̀ ní Sátidé yẹn. Òun ló wo ọwọ́ tó ń ya làálì tó sì sọ pé igi ni.

Ṣọ́ọ̀bù Fawziyyah kún. Ìyàwó tí ìgbéyàwó rẹ̀ kù sí ọ̀túnla jókòó lórí àpótí, ó na ọwọ́ méjèèjì sórí ìrọ̀rí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ń dúró de tiwọn. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni Ummu Kulthum wà, obìnrin kan tí ilé rẹ̀ kò ju ilé méjì lọ sí ti Hajíà ní Gàmbàrí, tí gbogbo àdúgbò sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í sùn nínú ikùn rẹ̀. Ó kí Habeebah tẹ̀ríntẹ̀rín. Habeebah dá a lóhùn, ó sì kọjá lọ bá Fawziyyah.

Fawziyyah kò gbójú sókè. "Tó bá jẹ́ làálì lo fẹ́, èèyàn mẹ́ta ló wà níwájú ẹ."

Habeebah bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Pádì tuntun dé."

"Ó dáa. Kí àwọn tí ọwọ́ wọn rọ̀ máa lò ó." Ó ń fa ewé kan sórí ọwọ́ ìyàwó náà, ìlà náà kò gbọ̀n.

Ọ̀rọ̀ tí Habeebah kó wá ti tán. Ó ṣí báàgì, ó yọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà jáde, ó gbé e sí ibi tí Fawziyyah ti lè rí i.

"Wò ó. Ìka ẹ rèé lápá ibí. Ìka ẹ rèé lápá ọ̀hún. Wo ibi tó o na án dé. Igi rèé. Kò sí ọwọ́ èèyàn tó lè dé e, Fawziyyah. Pádì ló burú. Àwọn ọkùnrin Ọ̀fà Garage ti kọ̀ ọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bọ̀dá mi mọ̀, ó sì kó o fún mi. Èmi náà ò yẹ̀ ẹ́ wò. Ọwọ́ tèmi náà bó, mo ń fi òrí pa á, ẹ̀yin ni mò ń bú." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ hàn án. "Kì í ṣe ọwọ́ ẹ. Jọ̀ọ́, má bínú."

Fawziyyah wo àbàwọ́n náà pẹ́. Ó parí ewé tó ń fà, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

"Hajíà mọ̀ sí i pé o wá sọ èyí?"

"Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ ọ́. Tí wọ́n bá gbọ́ ọ níta, yàrá lọ nìyẹn."

"Ìdí nìyẹn tó o fi ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́." Fawziyyah gbé làálì kúrò lọ́wọ́ ìyàwó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó máa wò ó lójú. "Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, Habeebah, ẹni tó kó o ò ní gbàgbé. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ti fẹ́ fa ìlà àkọ́kọ́ sọ́wọ́ ìyàwó, mo máa ń wo ọwọ́ mi ná. Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Èèyàn méje ló gbọ́ nígbà tó o sọ ọ́, o ò rẹ ohùn sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."

"Mo mọ̀."

"Àwọn tó wà níbí ń gbé ọwọ́ wọn lé mi lọ́wọ́. Dìde, kí o tún un sọ kí wọ́n gbọ́."

Ìyàwó náà ti yí ojú sí wọn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti gbé fóònù sílẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, Ummu Kulthum ti sún àga rẹ̀ síwájú díẹ̀. Bí Habeebah bá sọ ọ́, Hajíà á ti gbọ́ kí wọ́n tó pe ìrun Màgàríbà.

Ó dìde. Ó gbé pádì náà sókè kí gbogbo wọn lè rí i, ó sì tún un sọ ketekete láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí òun sọ sí Fawziyyah ló fi ṣáájú, kò sì yọ orúkọ Hamzah kúrò níbẹ̀.